Àpótí onídúrọ́ọ̀ tí wọ́n ní ti ayé àtijọ́ ni: bẹ́ ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá àwòṣe ni, àti iye tó tọ́ sí i

Bí òbí kan bá kú sí London, tí àwọn ọmọ jókòó láti pín ẹrù ilé, tàbí tí kọ̀ńténà ẹrù tòkunbọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Èkó, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi máa ń kan àpótí onídúrọ́ọ̀. Àpótí aṣọ onígi là ń sọ o, èyí tó ní dúrọ́ọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún lórí ara wọn, tí igi rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí ọwọ́ tí wọ́n fi ń fà á sì jẹ́ idẹ. Ẹnì kan á ní ó ti lé ní igba ọdún. Ẹlòmíì á ní irọ́ ni, pé ilé iṣẹ́ kan ló ṣe é lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Owó tó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré, ó sì lè da àárín ọmọ ìyá rú.

A ṣe àkójọ yìí fún ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà nílé yín, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọ̀kan. Tẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ rántí nǹkan míì níbẹ̀, ẹ rántí pé kẹ́ ẹ má wo iwájú rẹ̀ lásán. Iwájú ni wọ́n fi ń tajà. Inú, ẹ̀yìn àti abẹ́ ni ọjọ́ orí rẹ̀ wà.

Àwòṣe yàtọ̀ sí ayédèrú

Àwòṣe ni ohun tí oníṣẹ́ kan wo ti àtijọ́ ṣe, tó sì tà á bí ohun tuntun. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀. Ayédèrú ni tí ẹnì kan bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ ọjọ́ orí mọ́ ọn kó lè gba owó tí kò tọ́ sí i. Àpótí kan náà lè jẹ́ àwòṣe lọ́wọ́ ẹni tó kàn án ní 1955, kó wá di ayédèrú lẹ́nu ẹni tó tà á ní 1985.

Orúkọ tẹ́ ẹ máa gbọ́ jù lọ ni Chippendale. Káfíńtà ni Thomas Chippendale ní London. Ní 1754 ló tẹ ìwé àwòrán àga, tábìlì àti àpótí jáde, tó pè é ní The Gentleman and Cabinet-Maker's Director. Àwọn káfíńtà káàkiri Britain àti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé yẹn ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n ṣe. Ti George Hepplewhite jáde ní 1788 lẹ́yìn tó ti kú, ti Thomas Sheraton bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1791. Nítorí náà, tí ontajà bá ní "Chippendale ni", orúkọ àrà ló ń pè, bí ìgbà téèyàn ní dàńṣíkí lòun wọ̀. Kò tíì sọ télọ̀ tó rán an.

Ní ìparí àwọn ọdún 1800, àwọn àrà àtijọ́ yìí tún padà wọ ọjà, àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sì ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Wọn ò tíì dáwọ́ dúró dòní. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti lọ́jú pọ̀: ètò owó ibodè tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ń lò ka ohun tó bá ti lé ní 100 ọdún sí ohun àtijọ́. Àwòṣe tí wọ́n ṣe ní 1905 ti kọjá 100 ọdún. Àwòṣe ni, ohun àtijọ́ náà sì ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé "ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún" lè máa sọ òtítọ́, kó má sì tíì dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ fa dúrọ́ọ̀ jáde pátápátá

Ẹ jẹ́ ká mú àpótí kan ṣe àpẹẹrẹ. Dúrọ́ọ̀ kéékèèké méjì wà lókè, ńlá mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Igi pupa ni, ó ń dán, ọwọ́ idẹ rẹ̀ sì tẹ̀ bí ọrùn ẹyẹ. Ohun tí wọ́n sọ fún ẹni tó rà á ni pé ti ìgbà Ọba George Kẹta ni, ìyẹn láàárín 1760 sí 1820.

Ẹ fa dúrọ́ọ̀ kan jáde, ẹ gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, kẹ́ ẹ wo igun rẹ̀ níbi tí pákó iwájú ti pàdé pákó ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí eyín igi tó wọnú ara wọn. Dovetail làwọn káfíńtà ń pè é, torí pé ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí ìrù àdàbà. Nígbà tí wọ́n ń fi ayùn àti ṣísẹ́lì gé e lọ́wọ́, eyín méjì kì í dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Ọ̀kan á fẹ̀ díẹ̀, èkejì á tín-ín díẹ̀, igi tó sì wà láàárín wọn á rí tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ tún lè rí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ tí káfíńtà fi irin fà kó lè mọ ibi tí òun máa gé dé.

Tí gbogbo eyín bá dọ́gba, tí àárín wọn náà sì fẹ̀ tó eyín fúnra wọn, ẹ̀rọ ló gé e. Ìparí àwọn ọdún 1800 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó gbilẹ̀. Lára àpótí tó wá láti Amẹ́ríkà, ẹ lè pàdé irú kẹta, tó rí róbótó bí ìdajì òṣùpá, tí èèkàn igi kékeré sì wà láàárín rẹ̀. Charles Knapp ló gba àṣẹ ẹ̀rọ tó ń ṣe é ní 1867. Ó gbajúmọ̀ fún ìgbà díẹ̀, nígbà tó fi máa di bí 1900 ó ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn, ẹ ti mọ ọjọ́ orí àpótí náà láì bi ẹnikẹ́ni.

Eyín tí wọ́n fọwọ́ gé nìkan ò tó ẹ̀rí o. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ṣì ń fọwọ́ gé e lára àwòṣe olówó gọbọi. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ yí dúrọ́ọ̀ náà dojú bolẹ̀.

Ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ àtijọ́ máa ń jẹ́ ojúlówó pákó, tí wọ́n fá etí rẹ̀ kó lè wọ àyè rẹ̀. Pákó a máa sún kì bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, torí náà ẹ lè rí àlàfo lẹ́yìn, tàbí kó ti là níbì kan. Tó bá jẹ́ plywood lẹ bá níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, torí àwọn ọdún 1900 ni plywood tó di ohun tí wọ́n ń fi ṣe ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀. Hardboard, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àpò ọ̀họ, ọdún 1924 ni William Mason ṣàwárí ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Chipboard wọ ọjà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, MDF sì jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹnì kan lè sọ pé àtúnṣe ni wọ́n ṣe sí i. A gbà, tó bá jẹ́ dúrọ́ọ̀ kan. Àmọ́ tí dúrọ́ọ̀ márààrún bá ní plywood kan náà, tó sì bá àyè rẹ̀ mu rẹ́gí, àtúnṣe kọ́ nìyẹn.

Ẹ wá fọwọ́ tọ́ etí ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀, ibi tó fi ń rìn wọlé-jáde. Dúrọ́ọ̀ tí wọ́n ti ń fà síta, tí wọ́n ń tì wọlé fún 200 ọdún gbọ́dọ̀ ti jẹ nísàlẹ̀. Jíjẹ náà kì í dọ́gba, apá ẹ̀yìn ló sábà máa ń jẹ jù. Igi tó gbé e nínú àpótí náà á ti lu ojú ọ̀nà. Àwọn tó ń ṣe àwòṣe mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀wọ̀n na ojú òkè kó lè ní àpá, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀ dúdú sí kọ̀rọ̀ kó lè dà bí ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ̀nba ló ń rántí abẹ́ dúrọ́ọ̀.

Ẹ̀yìn, abẹ́ àti súkúrù

Káfíńtà àwọn ọdún 1700 ò ní àkókò tó máa fi ṣòfò. Ibi tí ojú ò bá tó, kì í dán an. Ẹ̀yìn àpótí gidi sábà máa ń jẹ́ pákó gbàràgàdà méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n kàn mọ́ra, tó rí ṣákaṣàka, tó ti gbẹ, tó ṣú fúnra rẹ̀ láìsí fánísì lára. Tẹ́ ẹ bá rí i pé gbogbo inú àti ẹ̀yìn ní àwọ̀ kan náà bíi pé wọ́n rẹ ẹ́ láró, ẹ bi ara yín pé ta ni wọ́n ń pa á láwọ̀ fún níbi tẹ́nikẹ́ni ò ní wò. Tó bá jẹ́ plywood kan ṣoṣo ni wọ́n fi stapler kàn mọ́ ẹ̀yìn, ẹ ò nílò tọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pákó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ máa sùn lójú igi. Ayùn tí èèyàn méjì ń fà, tí ọ̀kan wà lókè tí èkejì wà nínú kòtò, bí àwọn alápákó wa náà ṣe ń là á nínú igbó tẹ́lẹ̀, ìlà tààrà ló ń fi sílẹ̀. Ayùn ẹ̀rọ tó rí róbótó máa ń fi ìlà tó tẹ̀ bí ọrun sílẹ̀, àwọn ọdún 1800 ló sì gbòde. Ìlà títẹ̀ lẹ́yìn àpótí tí wọ́n ní 1770 ni wọ́n ṣe é ò bójú mu rárá.

Súkúrù náà lọ́rọ̀ í sọ. Kó tó di àárín àwọn ọdún 1840, ẹnu súkúrù kì í mú, ṣe ló kù gbúú, ojú ihò tó wà lórí rẹ̀ sì lè wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí orí rẹ̀ ní àmì àgbélébùú, ti Henry Phillips ni, àwọn ọdún 1930 ló jáde. Ìṣó wáyà, irú èyí tí gbogbo wa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù lónìí, kò wọ́pọ̀ títí di bí 1890. Ẹnì kan lè ti pààrọ̀ ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn, torí náà gbogbo wọn lẹ máa wò.

Igi wa ló ń tú àṣírí

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti wá kan ilé wa gan-an.

Igi pupa tí wọ́n ń pè ní mahogany kì í ṣe igi kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n lò ní London láàárín àwọn ọdún 1700 wá láti Jamaica, Cuba àti agbègbè Honduras. Òfin kan tí ilé aṣòfin Britain ṣe ní 1721 ló yọ owó ibodè kúrò lórí igi tó ń bọ̀ láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà àti Caribbean, igi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ London. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé e nínú igbó, tó ń fà á dé etí odò, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú ni. Ó yẹ ká sọ ìyẹn ká tó máa yin ẹwà igi náà.

Mahogany ti Áfíríkà, èyí tí Yorùbá ń pè ní ọ̀gànwó, ìbátan rẹ̀ ni, kì í ṣe òun gan-an. Ìparí àwọn ọdún 1800 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí Liverpool lọ́pọ̀ yanturu láti etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òmíràn tún ni sapele, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta. Tí wọ́n bá là á bó ṣe yẹ, ojú rẹ̀ máa ń ní ìlà gbọọrọ gbọọrọ bíi ríbọ́ọ̀nù, èyí tó mọ́lẹ̀ á máa tẹ̀ lé èyí tó ṣú, tẹ́ ẹ bá sì rìn kọjá níwájú rẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ á ṣú, èyí tó ṣú á mọ́lẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ní Britain lò ó dáadáa láàárín àwọn ọdún 1900.

Nítorí náà, tí àpótí tí wọ́n pè ní ti George Kẹta bá ní ìlà sapele lójú, kò sí àlàyé tó lè gbà á sílẹ̀. Káfíńtà ìgbà yẹn ní London ò rí igi náà rà. Ẹ sì wo bó ṣe rí: wọ́n gé igi nínú igbó wa, wọ́n kó o lọ sí England, wọ́n fi kan àpótí àrà àtijọ́, kọ̀ńténà wá gbé e padà wá sí Èkó bí ẹrù òyìnbó, a sì ń fi owó gọbọi rà á.

Káfíńtà yín tó mọ igi lè ràn yín lọ́wọ́ níbí ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ kó wo inú dúrọ́ọ̀ pẹ̀lú, torí pé nínú àpótí London tó dáa, ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀ máa ń jẹ́ igi oak tín-ín-rín, ara àpótí tí kò hàn síta á sì jẹ́ pine. Kó tún wo etí ojú òkè bó bá jẹ́ awọ igi ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Awọ igi tí wọ́n fi ayùn ọwọ́ là nípọn tó mìlímítà 2, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ẹ̀rọ òde òní kì í tó 1.

Ihò kòkòrò kì í ṣe ìwé ọjọ́ ìbí

Ọ̀pọ̀ gbà pé tí kòkòrò bá ti jẹ igi, ó ti gbó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò ajẹgi ń jẹ igi ọgbọ̀n ọdún náà. Bí ihò ṣe rí ni kẹ́ ẹ wò. Inú igi ni kòkòrò ti ń gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ kiri, ohun tó sì máa ń hàn síta ni ihò róbótó kékeré tó gbà jáde, tí kò ju bíi mìlímítà 2 lọ. Tẹ́ ẹ bá wá rí ojú ọ̀nà gígùn tó là sílẹ̀ gbayawu bíi gọ́tà lójú òde igi, a jẹ́ pé ẹ̀yìn tí kòkòrò ti jẹ igi náà tán ni wọ́n tó fá a tàbí là á. Igi àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n àpótí tuntun ni wọ́n fi kàn. Tí lẹ́búlẹ́bú bá sì ń dà jáde nínú ihò, kòkòrò náà ṣì ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ má gbé e wọ yàrá tí igi mìíràn wà.

Kì í ṣe àwa tá ò kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń tàn. Ní 1969, agbẹ́gilére kan ní Rhode Island, Armand LaMontagne, kan àga kan bíi ti àwọn ọdún 1600, irú èyí tí wọ́n ń pè ní àga Brewster ní Amẹ́ríkà. Ó sọ ọ́ gbó, ó sì jẹ́ kó rin ìrìn tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Henry Ford ní Dearborn, Michigan, san $9,000 lórí rẹ̀. Ní 1977 ni àṣírí tú, ihò inú igi rẹ̀ sì fi hàn pé irin ẹ̀rọ òde òní ló lu ú. Wọn ò sọ ọ́ nù, ó di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń dá ayédèrú mọ̀.

Ọwọ́ idẹ àti lébẹ́ẹ̀lì

Ọwọ́ idẹ ò ṣeé gbára lé, torí gbogbo ayé ló ń pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo inú dúrọ́ọ̀ lẹ́yìn ibi tí ọwọ́ wà. Ihò àtijọ́ tí wọ́n dí pa níbẹ̀ túmọ̀ sí pé ọwọ́ mìíràn ti wà níbẹ̀ rí, ìyẹn sì lè jẹ́ àmì rere. Tó bá jẹ́ pé ihò wà nínú tí kò sí àpá rẹ̀ níta, ẹnì kan ti lẹ awọ igi tuntun mọ́ iwájú.

Lébẹ́ẹ̀lì ló rọrùn jù. Èyí tó bá kọ Bevan Funnell tàbí Reprodux, àwòṣe ni, àwọn tó ṣe é ò sì fi pamọ́. Àmì Gillows tí wọ́n tẹ̀ sí etí dúrọ́ọ̀ jẹ́ ohun tó yẹ kẹ́ ẹ tètè fi han ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Waring & Gillow kò lè ṣáájú ìparí àwọn ọdún 1800. Tí ọ̀rọ̀ náà "England" bá wà lára ohun tí wọ́n tà sí Amẹ́ríkà, òfin owó ibodè Amẹ́ríkà ti 1890 ló bí i, torí òun ló ní kí wọ́n máa kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sára ọjà.

Ẹ má sì tètè sọ pé àwòṣe ò níye. Kittinger ti Buffalo, New York, ṣe àwòṣe fún Colonial Williamsburg fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń wá a kiri. Àwòṣe tí ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ṣe dáadáa lè gbówó lórí ju ojúlówó tí wọ́n ti tún ṣe látúnbàjẹ́.

Èló wá ni?

Ẹ padà sí àpótí tá a mú ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní eyín rẹ̀ dọ́gba, plywood wà lábẹ́ dúrọ́ọ̀ márààrún, ìlà sapele wà lójú, súkúrù Phillips ló sì di igi tó gbé dúrọ́ọ̀. Àwòṣe ni, láti nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1900 síwájú. George Kẹta ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Kó tó kan iye, ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé: kí lẹ fẹ́ fi iye náà ṣe? Àpótí kan ṣoṣo lè ní iye mẹ́ta, kí gbogbo wọn sì jẹ́ òtítọ́. Àkọ́kọ́ ni iye tó máa mú wá ní gbàǹjo. Ìkejì ni ti ìbánigbófò, ìyẹn iye tẹ́ ẹ máa fi ra irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí iná bá jó o tàbí tí olè bá gbé e, èyí sì sábà máa ń ga ju ti gbàǹjo lọ fíìfíì. Ìkẹta ni ti ogún. Ní Britain, òfin owó orí lórí ogún ti 1984 sọ pé iye tí ohun ìní náà lè mú wá lọ́jà gbogbogbòò lọ́jọ́ tí olóògbé kú ni kí wọ́n lò. Ẹni tó bá mú ìwé ìbánigbófò bàbá rẹ̀ jáde, tó sì kọ iye inú rẹ̀ síwájú ìjọba, lè máa dá owó orí tí kò jẹ sọ́rùn ara rẹ̀.

Bákan náà lọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn ọmọ. Ká ní àwọn mẹ́ta ló fẹ́ pín ẹrù. Wọ́n ní àpótí tó £3,000, wọ́n wá gbé e fún àbíkẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìpín tirẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n sì pín owó tó wà ní báńkì. Tó bá gbé e lọ sí gbàǹjo tó mú £120 wá, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ, bóyá wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Kí ẹni tí kò ní lọ́wọ́ nínú ogún díyelé e, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni gbé nǹkan kan kúrò nílé. Kí ẹni náà má sì jẹ́ ẹni tó máa yíjú padà pé òun fẹ́ rà á.

Nǹkan kan tún wà tó ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Owó àpótí àti tábìlì igi pupa ti já wálẹ̀ gan-an láti nǹkan bí 2000, àní ti ojúlówó pàápàá. Ilé àwọn ọ̀dọ́ kéré, wọn ò sì fẹ́ igi dúdú tó wúwo mọ́. Àpótí George Kẹta tí kò ní àrà ọ̀tọ̀ lè lọ ní gbàǹjo ní Britain ní ọgọ́rùn-ún pọ́nùn mélòó kan, àwòṣe tí kò lórúkọ kì í sì í sábà kọjá £200. Kẹ́ ẹ tún rántí pé onígbàǹjo máa yọ owó tirẹ̀ lára ohun tó kàn yín, ẹni tó rà á náà á sì san owó lé e, tó lè tó ìdá kan nínú mẹ́rin.

Tẹ́ ẹ bá ń ka ìwé gbàǹjo, ojú yín kó wà lára ọ̀rọ̀ kékeré kan. "George III chest" túmọ̀ sí pé onígbàǹjo gbà pé ìgbà ọba yẹn ni wọ́n ṣe é. "George III style chest" túmọ̀ sí pé àwòṣe ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, "style", lè jẹ́ ìyàtọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún pọ́nùn, wọn ò sì ní dá owó yín padà torí pé ẹ ò kà á.

Kẹ́ ẹ tó pe káfíńtà kó fá a

Èyí ló dùn wá jù láti sọ, torí àṣà wa ni. Tí àpótí bá ti ṣú, à á ní kí káfíńtà fi sandpaper fá a, kó kun fánísì tuntun, kó pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ àwòṣe àárín àwọn ọdún 1900, kò burú, ẹ fi dárà bó ṣe wù yín. Àmọ́ tó bá jẹ́ ojúlówó, àwọ̀ tó ṣú yẹn gan-an lowó rẹ̀, igba ọdún ló fi kó o jọ, káfíńtà sì lè fá a dànù ní ọ̀sán kan. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó jẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó o wálé, ẹ rò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àga, tábìlì àti irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ti wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà fòfin dè, torí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó san owó ọkọ̀. Ojú ọjọ́ náà tún wà ńbẹ̀. Gúlúù àtijọ́ tí wọ́n fi awọ àti egungun ẹran sè kì í fara da ọ̀rinrin wa, ọyẹ́ sì máa ń mú kí awọ igi ká sókè. Ikán ò ní bi í léèrè bóyá ojúlówó ni.

Ẹ̀yin tí ilé àtijọ́ ìdílé yín wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà lọ́rọ̀ tiyín lọ́tọ̀. Àwọn Àgùdà tó padà wálé láti Brazil láàárín àwọn ọdún 1800 kó iṣẹ́ káfíńtà àti iṣẹ́ bíríkìlà bọ̀. Àpótí tí irú wọn kàn sí ilé kan ní Èkó kì í ṣe àwòṣe London, ẹ má sì fi owó London wọ̀n ọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé pé ta ló kàn án, ta ló kọ́kọ́ lò ó, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.

Ọ̀pọ̀ ilé gbàǹjo ní Britain máa ń wo fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó sọ iye. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ ya iwájú lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ ya igun dúrọ́ọ̀ nítòsí, abẹ́ dúrọ́ọ̀, ẹ̀yìn àpótí látòkè délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀, súkúrù kan àti lébẹ́ẹ̀lì tó bá wà. Ẹ wọn gíga, fífẹ̀ àti jíjìn rẹ̀. Tí rìsíìtì ìgbà tí wọ́n rà á bá wà nínú dúrọ́ọ̀ kan, ẹ ya òun náà mọ́ ọn.